Irin Tí A Dà, Irin Tí A Rọ

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń tọrọ agbára. À ń tọrọ owó tó pọ̀ sí i, ipò tó ga sí i, ọkọ̀ tó yára sí i. Ìbéèrè tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, bí agbára náà bá dé, ta ni yóò rù ú? Ó lé ní ọdún kan tí ìbéèrè yìí fi jókòó sáàárín ilé wa ní Ìfọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tàbí ipò ló gbé e wá. Ẹ́ńjìnì Toyota Corolla kan tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ni.

Ìfọ́n tí mò ń wí ni Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹni tó bá ti Òṣogbo gba ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́ yóò kan Ìlobù kí ó tó kàn wá. Lẹ́bàá ọ̀nà yìí ni ọ̀gá tó kọ́ àbúrò mi níṣẹ́ mẹkáníìkì pa àgọ́ rẹ̀ sí. Ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi lò lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ̀mù fún un, tí wọ́n gbàdúrà sí i lórí, tí wọ́n sì ní kí ó lọ rí ti í ṣe.

Ohun tí àbúrò mi ń rò kò mọ sórí pípààrọ̀ búréèkì àti púlọ́ọ̀gì. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ti Òṣogbo àti Ìbàdàn wá a wá nítorí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn ṣe. Ó pinnu pé òun yóò de tọ́bò mọ́ Corolla bàbá wa, kí ọkọ̀ náà lè máa polówó iṣẹ́ òun. Ó ní, "Àǹtí mi, bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì báyìí, iṣẹ́ ti dé nìyẹn." Ó ti ra tọ́bò tòkunbọ̀ kan ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó, ó dì í sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kan náà ló fi ń kó ẹrù fáwọn ọlọ́jà, òun náà la sì fi ń gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo lóṣooṣù. Bàbá wa kò sì fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwa méjèèjì ló ní kí a jọ ni ín. Nítorí náà, àbúrò mi kò lè tú bóòtù kan níbẹ̀ bí n kò bá fọwọ́ sí i. Mo sọ fún un pé kí a kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tọ́bò ń ṣe, fún ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì sún mọ́ ọn. Bí ènìyàn ṣe ń mí ni ẹ́ńjìnì náà ń mí. Píísítìn á sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà, á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Á gòkè, á fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí wọn, iná náà á sì ti píísítìn padà sísàlẹ̀ tagbáratagbára. Lẹ́yìn náà ni èéfín á jáde. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ló ń sọ ìwọ̀n epo tí a lè jó, epo tí a bá jó ló sì ń di agbára. Èéfín tó ń lọ ṣòfò ni tọ́bò gbà mú. Ó fi ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn á yí ìkejì rẹ̀, ìyẹn á sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ipá. Wọ́n lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ní 1962 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á mọ́ ayọ́kẹ́lẹ́, Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder.

Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ ń tẹ gbogbo ohun tó wà láyé pẹ̀lú ìwọ̀n pọ́n-ùn 14.7 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. Bí tọ́bò bá fi pọ́n-ùn 7 péré lé e, afẹ́fẹ́ tí à ń rọ́ sínú sílíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́ fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ́ńjìnì kò tóbi sí i, ọkọ̀ kò sì gùn sí i, síbẹ̀ agbára ti yàtọ̀.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo àlàyé àbúrò mi tán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá bi í léèrè pé, "O ti rí ẹrù. Ta lo fẹ́ dì í lé lórí?" Àbúrò mi ní, "Ẹ́ńjìnì náà ni, Ọ̀gá." Ọ̀gá ní, "O ti bi í bóyá ó lè gbé e? Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Èmi tí mo kàwé nípa èdè Yorùbá, tí n kò mọ̀ ju kí n da omi sí rédíétọ̀ lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ohun tó ń bẹ nínú ẹ́ńjìnì láti ọjọ́ náà. Ẹ́ńjìnì Corolla wa ni wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, onílítà 1.8. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n kọ́ ọ pé kí ó máa mí. Ìlọ́po mẹ́wàá ló ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná. Bí a bá wá rọ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú ibi tí ìfúnpọ̀ ti le tó báyìí, ooru á pọ̀ débi pé apá kan nínú epo náà lè fúnra rẹ̀ gbiná kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró tó ń ti ibẹ̀ wá dà bí ìgbà tí a ń fi òòlù lu orí píísítìn. Ìró yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó ń pè ní nọ́ọ̀kì. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ó ti kú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Wọ́n sọ àìsàn lórúkọ, àwa gba orúkọ àìsàn, a fi pe òkú.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà jù ni ti ilé iṣẹ́ Toyota fúnra wọn. Wọ́n ní ẹ́ńjìnì onílítà mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní 2JZ, èyí tó wà nínú Supra tó jáde ní 1993. Irú méjì ni. 2JZ-GE kò ní tọ́bò. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìfúnpọ̀ rẹ̀. 2JZ-GTE ní tọ́bò méjì. Wọ́n dín ìfúnpọ̀ rẹ̀ kù sí ìlọ́po 8.5, wọ́n sì fi ẹnu páìpù kéékèèké sí abẹ́ píísítìn tó ń tu ọ́ìlì sí i lára kí ó lè tutù. Bí ẹni tó bí ọmọ kò bá jẹ́ di ẹrù yìí lé ọmọ rẹ̀ lórí láìtún inú rẹ̀ ṣe, kí ni alágbàtọ́ ń kánjú sí?

Mo béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá pé kí ni a ní láti tún ṣe nínú ẹ́ńjìnì. Ó ka mẹ́rin. Èkíní ni píísítìn. Álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ooru tó bá tó ìwọ̀n 660 ti Celsius ló sì ń yọ́ álúmíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ iná tó ń jó lórí rẹ̀ a máa kọjá 2,000. Bí ó ṣe ń tètè ta ooru náà dànù nìkan ni kò jẹ́ kí ó yọ́. Èkejì ni kọ́nrọ́ọ̀dù, apá irin tó so píísítìn mọ́ kráńkì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni apá yìí ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí a bá sì fi ìdá kan nínú márùn-ún kún eré náà, ìfàyọ tí yóò máa fa irin náà á fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àti díẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta ni bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnì mọ́ búlọ́ọ̀kù àti gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn, nítorí pé ipá tuntun náà á fẹ́ ṣí orí ẹ́ńjìnì bí omi gbígbóná ṣe ń ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀kẹrin ni mẹ́tà tí kráńkì ń yí lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń gbà wọ́n là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ẹ̀kọ́ tèmi nìyí. Mo béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín píísítìn tó wà nínú ọkọ̀ wa àti èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn alátọ́bò. Ọ̀gá kò wá ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan. Ó ní, "Èyí, wọ́n dà á ni. Ìyẹn, wọ́n rọ ọ́ ni." Ẹ wo bí èdè wa ṣe ti ní ọ̀rọ̀ méjèèjì nílẹ̀ kí mọ́tò tó dé. Asúde ni í da idẹ: á yọ́ ọ, á dà á sínú amọ̀, á jẹ́ kí ó tutù, á sì fọ́ amọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà Ifẹ̀ ṣe ṣe àwọn orí tí gbogbo ayé ń lọ wò. Alágbẹ̀dẹ ni í rọ irin: á fi í sínú iná ẹwìrì, á fi òòlù lù ú títí yóò fi jẹ́ ohun tó fẹ́ kí ó jẹ́. Irin tí a dà lè lẹ́wà, owó rẹ̀ kì í sì í wọ́n tó ti èkejì, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá gbá a lójijì, ó lè sán. Irin tí a rọ ti jẹ ìyà òòlù. Inú rẹ̀ ti fún pọ̀, ìṣàn inú rẹ̀ sì ti tẹ̀ lé ìrísí rẹ̀, débi pé bí ìyà mìíràn bá dé, á kọ́kọ́ tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Kò sí àgbẹ̀ tó ń fi orí idẹ kọ ebè. Ọkọ́ àti àdá tí alágbẹ̀dẹ rọ ló ń gbé lọ sóko.

A gbà pé kí a tú ẹ́ńjìnì náà wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ tọ́bò mọ́. Ohun tí a rí kò dùn mọ́ wa. Èédú ọ́ìlì ti lẹ ríìngì méjì pọ̀ mọ́ ojú ihò wọn. Mẹ́tà kan ti jẹ débi pé àwọ̀ bàbà abẹ́ rẹ̀ ti hàn síta. Ọ̀gá gbé e lé ọwọ́ àbúrò mi. Ó ní, "Èyí tó ń gbé ọ lọ sílé ìwòsàn tó sì ń gbé ọ bọ̀ nìyí. Jẹ́jẹ́ rẹ ló fi ń pẹ́."

Orí ìtúpalẹ̀ yẹn ni a wà nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìfọ́n, Ìlobù àti Ẹrin-Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi. Ìlobù ni wọ́n ti bí ìyá mi. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìjà náà, nítorí pé ìdílé méjèèjì ló ṣọ̀fọ̀. Ẹ́ńjìnì wa wà ní títú lábẹ́ tapólì, owó kò wọlé, ìyá wa sì jókòó sínú yàrá, kò lè lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ilé wọn kò jìnnà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Nǹkan tó máa ń fọ́ ilé, láti inú ni." N kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń sọ tàbí ìlú.

Àkókò yẹn ni èmi àti àbúrò mi ka owó. Èyí tí a jọ ní lè ra gbogbo ohun tó kù tí tọ́bò ń béèrè: ohun tí yóò máa tu afẹ́fẹ́ gbígbóná lára, páìpù rẹ̀, ẹnu tó ń tu epo, àti kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣètò wọn. Tàbí kí ó ra píísítìn àti kọ́nrọ́ọ̀dù tí a rọ, bóòtù tó le, gáskẹ́ẹ̀tì onírin àti mẹ́tà tuntun. Kò lè ra méjèèjì.

Àbúrò mi kò gba ọ̀rọ̀ náà wẹ́rẹ́. Ó ní àwọn kan wà tó ń fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnì tí wọn kò fọwọ́ kan inú rẹ̀, tí kò sì sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí ọ̀nà là, a gbé àwíjàre rẹ̀ lọ síwájú Ọ̀gá, Ọ̀gá kò sì já a ní irọ́. Ó ní bí ẹ́ńjìnì bá jí pépé, tí ipá tọ́bò bá kéré, tí ẹni tó mọṣẹ́ sì bá a ṣètò epo àti iná rẹ̀, ó lè pẹ́. "Ṣùgbọ́n tìrẹ kò jí pépé. Ohun tí a bá sì fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."

Ní Ìfọ́n, kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ sùúrù kí a má rántí Òrìṣà Olúfọ́n. Bí wọ́n ti ń pa ìtàn rẹ̀, ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kí ó má lọ, ó ní dandan ni kí òun lọ. Ifá wá ní kí ó di aṣọ funfun mẹ́ta àti ọṣẹ dání, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó da epo sí i láṣọ. Ó wẹ̀, ó wọ òmíràn, ó ń lọ. Wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án nítorí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún méje, síbẹ̀ ó gbéra níbẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀wọ̀n yẹn ni mo máa ń rántí. Nísinsìnyí, àwọn aṣọ mẹ́ta náà ni mò ń rò. Ilé ló ti dì wọ́n kí ọ̀nà tó dọ̀tí. Òun kan náà ni òrìṣà tí a gbà pé ó ń mọ ara ènìyàn láti inú wá.

Àbúrò mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ìpinnu náà. Ó ní, "Àǹtí mi, tọ́bò kò ní jẹrà. Ẹ jẹ́ ká ṣe inú." Mo kó owó tèmi lé tirẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba oṣù púpọ̀. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí Òṣogbo kí wọ́n lè gẹ ojú sílíńdà rẹ̀. Àbúrò mi yá ìwọ̀n lọ́wọ́ oníwúrà kan, ó fi wọn píísítìn àti kọ́nrọ́ọ̀dù ní ìkọ̀ọ̀kan, kí èyí má baà wúwo ju èyí. Ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀ bí ìda sáàárín mẹ́tà àti kráńkì, ó fún un pọ̀, ó wá wo bí ó ṣe tẹ́ tó, kí ó lè mọ àyè tí ọ́ìlì yóò ní. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín etí méjèèjì ríìngì ju ti ẹ́ńjìnì lásán lọ, torí pé ooru tó ń bọ̀ yóò mú un gùn sí i. Bí etí méjèèjì bá kan ara wọn, píísítìn ni yóò fọ́. Mo rí i pé iṣẹ́ àbúrò mi ti kúrò ní ti ẹni tó ń tú tó sì ń dè. Ó ti ń wọn nǹkan, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó korò níbẹ̀. Nítorí tọ́bò tí kò tí ì dé, píísítìn tuntun tí a rà jẹ́ èyí tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́yìn gbogbo owó àti òógùn yìí, ọkọ̀ wa kò yára tó bí ó ṣe yára tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ru ẹrù gun òkè, ó ń wí fúnni. Píísítìn tí a rọ a sì máa fẹ̀ ju èyí tí a dà lọ bí ó bá gbóná, nítorí náà wọ́n fi àyè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́; lówùúrọ̀ kùtù, kí ó tó móoru, ó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀. Ìyá wa gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Èyí tí ẹ sọ pé ẹ tún ṣe nìyí?" Àwọn ẹgbẹ́ àbúrò mi pẹ̀lú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó ná owó ọkọ̀ sínú ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó.

N kò lè sọ fún yín pé ó dára kí gbogbo ẹni tó ní Corolla lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé eré nìkan ni ẹnì kan ń wá, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ó ta ọkọ̀ rẹ̀, kí ó ra èyí tí wọ́n kọ́ fún eré láti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ di ọ̀gá kò lè ra ìmọ̀ yìí lọ́jà. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan ti Ìlobù gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ wá, kì í ṣe nítorí tọ́bò. Ẹ́ńjìnì náà ń jẹ ọ́ìlì, ó sì ti gbọ́ pé àbúrò mi máa ń wọn nǹkan kí ó tó dì í. Ó kọjá ààlà tí a jà lé lórí láti wá a wá. Àbúrò mi ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó kọ orúkọ ọkùnrin náà sókè, ó sì gbé ìwọ̀n jáde.